YÀRÀ KAN NI ÌLÚ Ń GBẸ́: Ẹgbẹ́ Òṣèlú, Ààbò Ìlú àti Ojúṣe Mùsùlùmí Òkè-Ògùn

  



Nígbà tí àwọn àgbà gbé àkòrí ọdún yìí fún mi, mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ òṣèlú ń bà mí. Bí àfáà bá sọ ọ̀kan, wọ́n á ní ọmọ ẹgbẹ́ báyìí ni. Bó bá sọ èkejì, wọ́n á ní wọ́n ti fún un lówó. Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣojú mi, tí ẹ̀bi rẹ̀ sì kàn mí. Òun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ MO MỌ̀ TÍ N KÒ SỌ

Abúlé kan wà ní agbègbè wa tí mo máa ń lọ ṣe wàásù. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun àsùbáà tán, bàbá Fúlàní kan tó máa ń bá wa kírun fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá náà ti pẹ́ láàrin wa, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi. Ó ní, "Àfáà, mo rí àwọn kan lẹ́bàá odò lánàá. Wọn kì í ṣe ará ibí, wọn ò sì da màlúù. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbà, torí bí èmi bá lọ sọ ọ́, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ mú."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà, mo lọ. Ṣùgbọ́n abúlé yẹn ti pín sí méjì láti ìgbà ìdìbò. Ẹgbẹ́ kìíní ní àwọn ọdẹ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kejì ní àwọn fijilanté tirẹ̀, wọn kì í jókòó ìpàdé pọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ tí èmi náà fẹ́ràn, kí n má purọ́ fún yín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìròyìn àwọn alátakò nìyẹn, wọ́n fẹ́ kí ayé gbà pé apá ìjọba wa kò ká ìlú. Ó ní kí n má jẹ́ kó dé etí ìhà kejì. Mo dákẹ́.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, wọ́n jí àgbẹ̀ méjì gbé lọ́nà oko. Ọ̀kan padà wálé lẹ́yìn tí ẹbí rẹ̀ ta ilẹ̀ san owó ìtúsílẹ̀. Èkejì kò padà wá títí di òní. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń kéwú lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àfáà, ṣé kò sẹ́ni tó rí wọn kó tó di ọjọ́ yẹn ni?" N kò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin ará mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ wò ni èyí: nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì bá wà nínú ìlú kan, báwo ni wọ́n ṣe lè jọ ṣọ́ ìlú náà láìjẹ́ pé ọ̀kan gbé èkejì mì? Kí sì ni ẹ̀sìn wa sọ sí i?

KÍ NI ÀÀBÒ ÌLÚ, TA LÓ SÌ NI ÍN?

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 14, sọ gbangba pé ààbò àti ìgbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ tí ìjọba wà fún. Òfin kò sọ pé ààbò ọmọ ẹgbẹ́ tó wọlé. Ọta ìbọn kì í bi ènìyàn léèrè káàdì ẹgbẹ́ kó tó wọlé sí i lára. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ wo Òkè-Ògùn tiwa. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni, nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu, gbágùúdá, àgbàdo àti ẹ̀gúsí, ilẹ̀ koríko tí màlúù fẹ́ràn. Ìlú jìnnà síra. Láti Ṣakí, Atisbo àti Ìwàjọwà, ènìyàn lè gba ọ̀nà oko bọ́ sí ilẹ̀ Benin. Lápá òkè, Kwara ló bá wa pààlà. Igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí, ọlọ́pàá nìkan kò lè ṣọ́ ọ. Ojú ará oko, etí darandaran, ẹsẹ̀ ọdẹ, àfi kí gbogbo wọn para pọ̀.

Ọlọ́pàá náà ńkọ́? Abala 214 nínú òfin yẹn kan náà sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní. Abala 215 fún gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ti ààrẹ ná. Ẹ rí i pé bí ẹgbẹ́ gómìnà bá yàtọ̀ sí ti ààrẹ, tí wọn kò sì gbọ́ra wọn yé, ará ìlú ló máa jìyà rẹ̀. Ìṣọ̀kan lórí ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Bí òfin wa ṣe rí yìí, kò sí ààbò láìsí i.

Ọ̀SÙ ÀTI KÁSÍRÁJÌ: ẸGBẸ́ MÉJÌ NÍNÚ ÌLÚ ÀNÁBÌ

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé Mọ̀dínà nígbà ayé Ànábì kò ní ìpín-yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Rárá o. Kí Ànábì tó ṣe hìjírà ní ọdún 622, ìran Ọ̀sù àti ìran Kásírájì ti bá ara wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun Buáàsì, tí wọ́n jà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú hìjírà, pa púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìhà méjèèjì.

Nígbà tí Ànábì dé, kò sọ fún Ọ̀sù pé kí wọ́n má jẹ́ Ọ̀sù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún Kásírájì pé kí wọ́n gbàgbé orúkọ bàbá wọn. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ ìwé àdéhùn fún ìlú. Ìran kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn Júù tó wà níbẹ̀, á máa ṣe ètò ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá dojú kọ Mọ̀dínà, gbogbo wọn ni yóò jọ dáàbò bò ó. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀, ìran rẹ̀ kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ọdún karùn-ún hìjírà, ọ̀tá dé lóòótọ́. Àwọn Kùráéṣì àti àwọn ẹ̀yà tó bá wọn mulẹ̀ kó ogun wá. Sàlìmọ́nù ará Páṣíà ló mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Àwọn onítàn sọ pé ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n pín, wọ́n sì wọn ogójì ìgbọ̀nwọ́ fún ìdì kọ̀ọ̀kan. Ànábì fúnra rẹ̀ ru erùpẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀. Nígbà tí ìdótì náà le, Ànábì ro ó bóyá kí òun fún ẹ̀yà Gàtàfáànù ní ìdá mẹ́ta dábínù Mọ̀dínà kí wọ́n lè padà sílé. Kò dá a ṣe. Ó pe Sáàdù ọmọ Múáàsì, olórí Ọ̀sù, ó sì pe Sáàdù ọmọ Úbáádà, olórí Kásírájì. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bi í bóyá àṣẹ Ọlọ́hun ni tàbí ìmọ̀ràn. Ó ní ìmọ̀ràn ni. Àwọn méjèèjì ní àwọn kò fara mọ́ ọn, ó sì fi tiwọn ṣe. Ẹ̀yin ará, bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá lè pe olórí ìhà méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú, ta ni alága káńsù tó ní òun kò lè bá alátakò jókòó?

Ṣé ìfigagbága wọn wá tán ni? Kò tán. Nígbà tí àwọn alábòsí pa irọ́ mọ́ ìyá wa Áíṣà, Ọ̀sù àti Kásírájì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà nínú mọ́ṣáláṣí, Ànábì ló pẹ̀tù sí wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé Ìsìláàmù kò retí pé kí ìhà méjì má sí. Ohun tó béèrè ni pé kí yàrà jẹ́ ọ̀kan.

ÀWỌN BÀBÁ WA NÁÀ MỌ̀ Ọ́N

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìtàn Lárúbáwá nìkan nìyẹn. Ẹni tó bá gba ìhà Ìgbẹ́tì wọ igbó ọba tí mo mẹ́nu bà, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ló máa bá níbẹ̀. Ìlú tí ẹṣin rẹ̀ dé etí òkun nígbà kan ni. Aáwọ̀ láàrin Aláàfin Aólẹ̀ àti Ààrẹ Afọ̀njá, àti àwọn ìjòyè tí wọn kò fi ọkàn kan jagun mọ́, ló ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. Kó tó di ọdún 1840, ìlú náà ti di igbó. Odi rẹ̀ ṣì nípọn nígbà tó fi tú. Àwọn tó yẹ kó dúró lórí odi ni wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ wá wo Òkèihò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì àti ti àwọn mìíràn ń dà wá láàmú, ìlú kéékèèké mọ́kànlá kó ara wọn jọ sí orí òkè kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní olórí rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, títí di òní àwọn ará Òkèihò ṣì mọ ibi tí ìran wọn ti wá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà báyìí ní ọdún 1917, wọn kò sì tú ká. Orúkọ mọ́kànlá, òkè kan. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tó bá dá sùn ni ogun ń kó.

NÍGBÀ TÍ ẸGBẸ́ DI OGUN

Àwa tá a wà láyé lẹ́yìn wọn ńkọ́? Ní ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ní ìwọ̀-oòrùn, ìjà Ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ̀ di wẹ́tìẹ̀: wọ́n da epo bẹntiróò sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n ṣáná sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ní ọdún 1983, ìjà UPN àti NPN tún fa ìpànìyàn àti ilé sísun ní ìpínlẹ̀ Òndó àti Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn ológun tún dé.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀. Nígbà náà, ìjọba ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀, àwọn tí àwọn àgbà ń pè ní akódà. Ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè máa ń lò wọ́n láti fi mú alátakò. Nígbà tí àwọn ológun dé, wọ́n pa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rẹ́, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Torí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, tí ààrẹ àti àwọn gómìnà fẹnu kò ní oṣù kejì ọdún 2024 pé kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lé lórí, ẹ má rò pé òpè ni wọ́n. Wọ́n ti rí kùmọ̀ akódà rí. Ìṣòro náà kò sí lára ẹ̀wù iṣẹ́. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pàṣẹ, àti bóyá ìhà kejì lè bi í léèrè.

Ọ̀gágun Babangida tiẹ̀ gbìyànjú kan ní ọdún 1989. Ó dá ẹgbẹ́ méjì péré sílẹ̀, SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC ẹlẹ́yẹ. Nígbà ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, Mùsùlùmí ni Abíọ́lá tó dúró fún ẹlẹ́ṣin, Mùsùlùmí ni Tofa tó dúró fún ẹlẹ́yẹ. Ìbò náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ará Òkè Ọya àti ará gúúsù dìbò pọ̀. Ìjọba ló fagi lé e. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ méjì lè figa gbága láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bí àwọn tó wà lókè bá bọ̀wọ̀ fún àdéhùn.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N FỌWỌ́ SOWỌ́ PỌ̀

Ẹ jẹ́ kí á má bú àwọn olóṣèlú nìkan. Ohun tó dára wà tí wọ́n ṣe, ẹ̀tọ́ ni kí á sọ ọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ṣakí, ẹ̀mí lọ sí i. Olóògbé Muhammadu Buhari, tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun nígbà náà, kó àwọn àgbà Òkè Ọya sẹ́yìn, ó lọ bá olóògbé Lam Adéṣínà, gómìnà ẹgbẹ́ AD, ní Ìbàdàn. Ẹ̀sùn pọ̀ nínú ìpàdé náà. Àmọ́ gómìnà kò fi ẹnu ẹ̀yà rẹ̀ nìkan dáhùn, ó jẹ́ kí àwọn ọ̀gá agbófinró sọ ohun tí ìwádìí wọn rí, níṣojú àwọn àlejò. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: ìhà tó ń bínú wá síta láti sọ̀rọ̀, ìhà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì fi ìwádìí dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló jọ dá a sílẹ̀. Gómìnà márùn-ún wá láti APC. Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ nìkan ló jẹ́ ti PDP. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ, mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, ní kò bá òfin mu. Ẹ̀yin ará, ìjọba APC ló sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ ni, àwọn gómìnà APC ì bá ti sá padà, kí wọ́n fi Mákindé sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọn kò sá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, wọ́n bá igbákejì ààrẹ, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣèpàdé ní Abùjá, wọ́n fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi òfin gbé e ró. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ń bu ọwọ́ lù ú. Olóògbé Rótìmí Akérédolú ti Òndó, ọmọ APC, ló ṣaájú wọn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, Yorùbá àti Hausa kọjú ìjà síra wọn, ẹ̀mí ṣòfò, ọjà jóná. Mákindé àti Akérédolú jọ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn gómìnà Kánò, Kebbi, Niger àti Zamfara wá láti Òkè Ọya. Ọmọ PDP ni ti Zamfara nígbà náà, APC ni àwọn mẹ́ta yòókù. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, àwọn gómìnà gúúsù láti APC, PDP àti APGA pàdé ní Asaba, wọ́n fẹnu kò lórí fífi òpin sí fífi màlúù jẹko ní gbangba. Ẹnìkan lè fara mọ́ ìpinnu náà, ẹnìkan lè má fara mọ́ ọn. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n jókòó.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÌṢỌ̀KAN LÓ DÁRA

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú súúrà Máídà, àáyà kejì, pé kí á ràn ara wa lọ́wọ́ lórí rere àti ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí á má sì ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìbùkún. Àwọn olè náà máa ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ẹ wo owó ààbò tí àwọn gómìnà máa ń gbà lóṣooṣù. Láti ìjọba dé ìjọba, láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, a kì í gbọ́ bí wọ́n ṣe ná an. Lórí gbogbo nǹkan ni wọ́n ti ń bú ara wọn nínú rédíò, àmọ́ lórí èyí, ohùn wọn ṣọ̀kan. Àmáánà ni owó yẹn, ohun ìfọkàntán ni, súúrà Nísáì, àáyà 58, sì pàṣẹ pé kí á dá àmáánà padà fún ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni ín ni àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko.

Èkejì ni ìṣọ̀kan lórí ìkórìíra. Ó rọrùn fún ẹgbẹ́ méjì láti ṣọ̀kan bí wọ́n bá rí ẹnìkẹta tí wọ́n á jọ di ẹ̀bi rù. Ní agbègbè wa, Fúlàní ni. N kò sẹ́ pé àwọn ọ̀daràn wà nínú wọn. Wọ́n jí ènìyàn gbé, wọ́n pa àgbẹ̀, wọ́n fi màlúù jẹ oko tí ènìyàn yá owó gbìn. Ẹni tó ṣe é, kí òfin mú un, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìgàngàn ní Ìbàràpá, tí í ṣe aládùúgbò wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé Sẹ́ríkí Fúlàní. Ní oṣù kẹfà, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn lóru, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n sun ààfin. Iná oṣù kìíní kò dá ìbọn oṣù kẹfà dúró. Ìbínú kì í ṣe ààbò.

Súúrà Nísáì tún ní ìtàn kan tó yẹ ká mọ̀, láti àáyà 105 lọ. Àwọn onítúmọ̀ sọ pé ọkùnrin ará Mọ̀dínà kan jí ẹ̀wù ogun, ó wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru Júù kan. Ìran rẹ̀ wá bá Ànábì pé kó gbèjà ènìyàn wọn. Ọlọ́hun sọ àáyà kalẹ̀, Ó dá Júù náà láre. Mùsùlùmí lorúkọ lolè, ẹlẹ́sìn mìíràn ni aláìṣẹ̀, òdodo ni Ọlọ́hun sì gbè. Súúrà Máídà, àáyà kẹjọ, wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìkórìíra wa sí àwọn kan kò gbọdọ̀ mú wa ṣàìdéédéé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a kórìíra, mélòó mélòó ni ẹni tó ń bá wa tò ní sàfù kan náà?

Ẹ padà sí bàbá tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àsùbáà. Òun ló kọ́kọ́ rí ewu. Òun ló sì bẹ̀rù jù láti sọ ọ́. Ìlú tó bá dẹ́rù ba ojú tó ń ríran fún un, afọ́jú ló sọ ara rẹ̀ dà.

OHUN TÍ JÁMỌ́Ọ̀ LÈ ṢE

Àfáà tó bá wàásù tí kò sọ ohun tí a ó ṣe, ó kàn kó ará ìlú láyà sókè ni. Mo ní nǹkan márùn-ún.

Kìíní, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ààbò kan ṣoṣo. Kí ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè àti alátakò ní iye ènìyàn kan náà níbẹ̀, kí ọdẹ, àgbẹ̀, ọlọ́jà, ìyá àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, kí Fúlàní tó ń gbé láàrin wa náà ní ìjókòó. Kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ ẹgbẹ́ wá.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí á mọ bí à ń ṣe ìròyìn. Súúrà Hujuráátì, àáyà kẹfà, ní kí á wádìí ìròyìn kí á tó ṣèpalára fún aláìṣẹ̀. Súúrà Nísáì, àáyà 83, sì bá àwọn tó ń tan ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù káàkiri wí, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tó lè tú u wò ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi WhatsApp ránṣẹ́ kí ẹ tó kà á tán, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ òdodo tó sì pa á mọ́ nítorí ẹgbẹ́, òun náà jẹ̀bi. Èmi náà wà nínú wọn.

Ìkẹta, kí wọ́n máa ka ìṣirò owó ọdẹ àti ti fijilanté sétí ará ìlú, lẹ́yìn ìrun jímọ́ọ̀ àti níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Owó tí gbogbo ayé mọ̀ kì í sọnù.

Ìkẹrin, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kí a fà á lé agbófinró lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi táyà sun ẹnikẹ́ni. Kí olóṣèlú kankan má sì lọ fi fóònù gba ọ̀daràn jáde torí pé ó bá a gbé pósítà.

Ìkarùn-ún, kí àwa àfáà má ta mínbárì. Ẹ dìbò fún ẹni tó bá wù yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n àfáà tó bá di ìpolongo ẹgbẹ́ mọ́ kùtùbá, lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ta ló máa pè é kó wá pẹ̀tù síjà? Hujuráátì, àáyà kẹsàn-án, gbé iṣẹ́ àtúnṣe lé wa lọ́wọ́ bí ìhà méjì nínú onígbàgbọ́ bá ń jà. Ẹni tó ti wọ aṣọ ìhà kan kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Lẹ́yìn tí ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo sọ ṣẹlẹ̀, mo lọ sí abúlé náà. Mo dìde nínú mọ́ṣáláṣí, mo jẹ́wọ́ níwájú ìhà méjèèjì pé mo gbọ́ ṣáájú, mo sì dákẹ́. Ilẹ̀ kún fún ariwo, àwọn kan bú mi. Bàbá tí mo kọ́kọ́ lọ bá dìde, ó ní òun ni mo sọ fún. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọdẹ ìhà kìíní àti fijilanté ìhà kejì kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní kan. Wọn kò fẹ́ràn ara wọn, mo ń sọ òtítọ́ fún yín. Nígbà ìdìbò tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún bú ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ṣọ́ ọ̀nà odò lóru, bàbá Fúlàní yẹn sì ń bá wọn jókòó.

Ọmọbìnrin yẹn ti ń ka súúrà Yáásín báyìí. Mo ti fún un ní èsì ìbéèrè rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹnìkan rí wọn, ó sì sọ fún mi. Ó wò mí títí, kò sọ̀rọ̀. Bí mo bá dúró níwájú Ọlọ́hun lọ́la, mo mọ̀ pé ojú yẹn ni n ó kọ́kọ́ rántí.

Kí Ọlọ́hun Ọba dáríjì wá. Kí Ó dá àwọn tó wà ní àhámọ́ padà sílé láyọ̀. Kí Ó tẹ́ àwọn tó ti kú sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó fi ẹ̀rù Rẹ̀ sọ́kàn àwọn aṣáájú wa, èyí tó wà lórí oyè àti èyí tó ń dù ú. Kí Ó dáàbò bo Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Nàìjíríà lápapọ̀. Àmín yáà Rábì.